Ẹ Má Tíì Pe Katakata: Bí A Ṣe Ń Tún Ojú Odò Àtijọ́ Ṣe

Ìbéèrè: Òǹkàwé wa kan ní Òṣogbo kọ̀wé pé: "Odò kékeré kan gba àárín àdúgbò wa kọjá kó tó lọ bá Odò Ọ̀ṣun. Àwọn àgbà ní ayé òyìnbó ni wọ́n ti fi òkúta mọ ọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí àwọn aláró ń pọn omi níbẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Ní báyìí, yanrìn àti ọ̀rá ló kún inú rẹ̀. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, omi ti wọlé nìyẹn. Ẹgbẹ́ onílé wa ti dá owó. Àwọn kan ní ká pe katakata kó gbẹ́ ẹ kó jìn dáadáa, ká wá fi kankéré tẹ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo sì rí i lórí fóònù bí àwọn ará ìlú kékeré kan ní Ìlú Ọba ṣe tún kánààlì àtijọ́ wọn (odò àfọwọ́gbẹ́) ṣe, tó di ibi ìgbafẹ́. Ṣé tiwa lè rí bẹ́ẹ̀? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò o, ẹ sì kú ìnáwó. Odò yín ṣeé tún ṣe. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe katakata. Katakata lè kó gbogbo ohun tó wà nínú odò yẹn jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí òjò ọdún kan péré sì kó gbogbo rẹ̀ padà síbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe inú odò ni yanrìn yẹn ti wá. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹgbẹ́ onílé tó bá béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrònú láti òkè odò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́bìrì láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì: wọ́n á gbẹ́ iwájú ilé tiwọn, wọ́n á sì lọ jókòó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Ìlú Ọba, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ tí fídíò kì í fi hàn. Kánààlì tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ lọ́hùn-ún ni Kennet and Avon, tó gba ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Devizes kọjá. 1810 ni wọ́n parí rẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ẹrù láàárín Bristol àti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí reluwé dé, ẹrù kúrò lójú omi, wọ́n pa kánààlì náà tì títí ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò fi ṣeé gbà mọ́. Ní 1962, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kó ẹrẹ̀, wọ́n ń tọrọ owó, wọ́n ń yọ ìjọba lẹ́nu. 1990 ni Ọbabìnrin Elizabeth tó wá ṣí i. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni iṣẹ́ yẹn gbà wọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni òkè kan tí wọ́n ń pè ní Caen Hill, ní Devizes yẹn. Ilẹ̀kùn omi 29 (ìyẹn yàrá omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀) ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó gun òkè náà tán, 16 nínú wọn tò tẹ̀ lé ara wọn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá kọjá ni omi ń ti òkè ṣàn lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ti tún ògiri ṣe, wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn, Ọbabìnrin ti wá, ó ti lọ, omi kò sì tó. 1996 ni wọ́n tó ri ẹ̀rọ ńlá kan mọ́ ìsàlẹ̀ òkè náà, tó ń fa omi padà sókè, tó lè fa nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 lítà lójúmọ́. Ògiri kọ́ ni ìṣòro kánààlì yẹn. Omi tó ń wọ̀ ọ́ àti omi tó ń kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ní ti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹ má fara wé wọn. Kánààlì jẹ́ ojú omi tí ènìyàn gbẹ́, tí wọ́n fẹ́ kí omi dúró sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ fi po amọ̀ mọ́ omi, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dì, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń po amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ilé, kí omi má baà jò lọ. Tiyín, odò ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé omi lọ, kó sì jẹ́ kí díẹ̀ rin wọnú ilẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n ń wá omi kún tiwọn. Tiyín, gbogbo omi ló ń dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Nílé wa níbí, ẹ rántí Ògùnpa n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò yẹn gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ ojú rẹ̀, tí wọ́n fi kankéré mọ ọ́n. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún ba Ìbàdàn jẹ́ gidigidi, débi pé wọ́n ní láti gba 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé. N kò sọ pé kankéré kò wúlò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kankéré kì í dá omi dúró lókè, kì í sì í gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú sínú odò.

Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ènìyàn bíi mẹ́rin nínú yín wọ bàtà òjò, kí ẹ rìn lọ sókè odò nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ mú ìwé dání. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí omi pupa tó ń wọnú odò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: títì tí wọn kò dá ọ̀dà sí, tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ sódò, ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé, tí wọ́n da yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, oko àgbàdo tí wọ́n kọ ebè rẹ̀ sí ọ̀nà tí omi ń gbà lọ dípò kí wọ́n kọ ọ́ dábùú. Ẹ ó rí i pé ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ yanrìn náà ti ń wá. Ẹni tó da yanrìn sí ẹnu gọ́tà, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kó fi búlọ́ọ̀kù ká a. Iṣẹ́ yẹn kò gba owó, ó sì lè ṣe odò yín láǹfààní ju ọjọ́ kan katakata lọ.

Àwa náà wà níbẹ̀, àwa tí a ní ilé. Òjò tó bá rọ̀ dé mílímità kan, lítà omi kan ló dà sórí mítà kan níbùú àti lóròó. Ẹ wá wo pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ mítà 18 sí 36. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ dé mílímità 50, lítà omi 32,400 ló bọ́ sínú ọgbà kan ṣoṣo yẹn: ọkọ̀ táńkà omi oní-10,000 mẹ́ta, ó sì tún ṣẹ́kù. Nígbà tí ẹ̀yìnkùlé ṣì jẹ́ koríko àti igi ọsàn, ilẹ̀ ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní báyìí tí a ti fi ìtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ọgbà dé ẹsẹ̀ ògiri, bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló ń gba abẹ́ géètì jáde, kíákíá, lọ sódò. Ẹ wá fi iye ilé tó wà ní òkè yín ṣe ìsirò rẹ̀. Àwọn tó fi òkúta mọ odò yẹn kò ṣe é fún irú omi báyìí. Bí onílé kọ̀ọ̀kan bá lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ́ nǹkan sí i, tàbí kó gbẹ́ kòtò olókùúta kan tí omi òrùlé á máa wọ̀, ìyàtọ̀ á hàn nínú odò láàárín òjò méjì sí mẹ́ta.

Yanrìn tó bá ṣì ń wá lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mú un kó tó wọ àdúgbò. Níbi tí odò ti ń wọlé sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ fẹ ojú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ sì gbẹ́ ibẹ̀ jìn díẹ̀ ju ìyókù lọ. Omi tó bá dé ibi fífẹ̀ á rọra, bó bá sì ti rọra, yanrìn tó wúwo á rì kó tó lọ síwájú. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ ó máa kó lẹ́yìn òjò ńlá, dípò gbogbo odò. Bíríkìlà á ra yanrìn yẹn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹgbẹ́ fi owó rẹ̀ sanwó fún àwọn tó ń kó o, kí ẹnì kankan má sọ ọ́ di tara rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló yẹ kí ẹ ri irin tó ń gba ọ̀rá àti pàǹtí mọ́, kí irin náà dà sẹ́yìn, kí ènìyàn lè dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ fi réèkì fa pàǹtí kúrò. Ẹ má ṣe ri irin bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnu kọ́fátì, ihò tí odò ń gbà kọjá lábẹ́ títì, o. Ní òru tí òjò bá ń rọ̀, tí kò sí ẹni tó lè dé ibẹ̀, ọ̀rá á bo irin náà pa, odò á sì gun títì.

Kọ́fátì ló kàn. Ibi tí odò yín ti gba abẹ́ títì kọjá nísàlẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo òkè. Bí ẹ bá gbẹ́ odò kó jìn, kó fẹ̀, tí kọ́fátì ìsàlẹ̀ sì kéré, omi á kàn yára dé ibẹ̀ ni, á sì dà sílé àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹ lè wọn èyí fúnra yín. Lọ́jọ́ tí omi bá ṣì ga díẹ̀ àmọ́ tí kò léwu, ẹ wọn mítà mẹ́wàá níbi tí odò ti tọ́. Ẹ ju ọsàn kan sómi lókè, kí ẹnì kan fi fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ọsàn á fi dé ìsàlẹ̀. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú-àáyá 20. Eré omi lójú jẹ́ mítà 0.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lábẹ́ omi, kì í yá tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn 0.4. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 2, tó jìn ní mítà 0.3, ẹ fi 2 lu 0.3, ẹ tún fi 0.4 lù ú. Ó jẹ́ 0.24, ìyẹn lítà 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá lọ wọn ẹnu kọ́fátì. Kọ́fátì onírìǹgì kankéré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí omi bá sáré dé mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú rẹ̀, kò lè gbé ju nǹkan bíi lítà 420 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí yanrìn bá ti kún un dé ìdajì, kò ní gbé tó 210, odò lítà 240 yẹn á sì kún ẹnu rẹ̀, láìtíì dé ọjọ́ òjò ńlá. Ti ọjọ́ òjò ńlá, ẹ má wọnú omi lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ wo àmì ẹrẹ̀ lára ògiri àti ọ̀rá tó há sórí ẹ̀ka igi lẹ́yìn tí omi bá ti fà, ibẹ̀ ni omi ga dé. Ẹ kun ọ̀dà sí i, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnjiníà tí ẹ bá pè lọ́la á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ wá lè gbé ṣọ́bìrì, láti ẹnu kọ́fátì ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde bí ẹ ṣe ń lọ. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ibi tí ẹ ó gbẹ́ dé? Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan ní àárín odò, òmíràn lẹ́bàá ògiri òkúta, kí ẹ máa wo ohun tó ń jáde. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn ló kọ́kọ́ ń wá, pẹ̀lú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, bàtà rọ́bà. Ẹ máa bá a lọ títí ẹ ó fi dé ibi tí ọ̀rá ti tán, tí yanrìn mímọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni odò àwọn bàbá yín. Ẹ fi ìka tọ ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ ó bá òkúta ńláńlá tí wọ́n kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Ẹ má gbẹ́ kọjá wọn rárá. Katakata tó bá gbẹ́ kọjá ẹsẹ̀ ògiri yẹn ti sọ ògiri náà di ohun tó fi orí afẹ́fẹ́ dúró, òjò kejì tàbí ìkẹta á sì wó o. Èyí gan-an ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí àwọn kan ń dámọ̀ràn ní àdúgbò yín, torí ẹni tó wa katakata kò ní mọ̀ pé òun ti kọjá a.

Ògiri òkúta náà, ibi tó bá dúró, ẹ fi sílẹ̀. Ibi tó bá fẹ́ wó, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tò ó padà bó ṣe wà. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn dára ju búlọ́ọ̀kù tí ẹ lè rà lónìí. Igi ọ̀dán tó bá hù láàárín òkúta, ẹ má fà á tu, ògiri á bá a wá. Ẹ gé e ní ìdí, kí ẹ máa gé èéhù rẹ̀ títí á fi kú. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ojú ògiri náà pa. Omi wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá lóṣù kẹsàn-án, ó sì ń wá ọ̀nà jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà, á ti ògiri ṣubú sínú odò. Níbi tí ẹ bá ti mọ ọ́n tuntun, ẹ fi páìpù kékeré sí i ní gbogbo mítà méjì-méjì, kí ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn páìpù náà kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dí i.

Kankéré ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ó lè tọ́ sí mítà díẹ̀ níwájú kọ́fátì àti lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí omi ti ń já. Níbi yòókù, èmi kò fara mọ́ ọn. Kànga yín tó wà nítòsí odò ń mu lára omi tó ń rin wọlẹ̀ láti inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ kankéré, ẹ lè máa ṣe kàyéfì lọ́dún méjì sí i pé kí ló dé tí kànga ń tètè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kankéré tó ń dán á tún jẹ́ kí omi sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Etí odò níbi tí kò sí òkúta, ẹ gbin koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn sí i. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń gbin kókò àti ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Kí wọ́n sún sẹ́yìn bíi mítà mẹ́ta, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wa kókò ni ilẹ̀ etí odò ń tú.

Ẹrẹ̀ tí ẹ bá kó jáde, ẹ má dà á sí etí odò. Òjò àkọ́kọ́ á gbá a padà. Kí ẹ sì wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Òṣogbo ìlú aró ni ìlú wa. Nígbà tó jẹ́ ewé èlú àti omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kọ́síkì sódà àti aró oníkẹ́míkà ló wọ́pọ̀ lónìí, bí ó bá sì dà sódò, yóò pa ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì dúdú àwọn mẹkáníìkì. Ẹrẹ̀ tó bá wá láti ìsàlẹ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ má fún ẹnikẹ́ni fi gbin ẹ̀fọ́, ẹ kó o lọ sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ bá yàn. Kí ẹ bá àwọn aláró àti mẹkáníìkì jókòó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má lé wọn. Kí aláró gbẹ́ kòtò tí yóò máa da omi aró sí, tó jìnnà sí kànga àti sí odò; kí mẹkáníìkì ní gálọ́ọ̀nù tí yóò máa kó ọ́ìlì sí, àwọn kan ń rà á.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ibi tí omi yín ń lọ. Ọ̀ṣun ló ń gbà á. Igbó Ọ̀ṣun wà létí odò yẹn, hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti ń jìyà. Ẹ ti rí bí ó ṣe pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti ń da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀ láti ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú wa sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn dé etí odò, igi tí wọ́n gé ló wó sómi, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí òrìṣà sì fọhùn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ìlú yìí ti mọ̀ pé ohun tí a bá ṣe létí omi, inú omi ló ń bọ́ sí. Ẹ ṣe iṣẹ́ ẹrẹ̀ yín láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí omi bá fà, kó má baà jẹ́ pé àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù kẹjọ, ni ẹrẹ̀ yín á máa ṣàn lọ bá àwọn tó wá pọn omi.

Ní ti àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún: ààfin Àtáọ́ja àti àwọn ìyá olódò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí, nítorí àwọn odò kan ní ẹbọ àti èèwọ̀ tí ẹ kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́fátì, títì ìjọba ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ súnmọ́ Igbó Ọ̀ṣun, ẹ sọ fún àwọn aṣojú àjọ àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ìtọ́jú igbó náà wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣòro jù, ẹ kò béèrè rẹ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀: odi ilé àwọn kan ti wọ inú odò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àdúgbò tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ mú ọlọ́pàá wá. Ẹ fi ẹsẹ̀ ògiri òkúta tí ẹ bá hú jáde hàn wọ́n, torí kò sí ẹni tó lè bá òkúta àtijọ́ jiyàn ibi tí odò wà. Kí ẹgbẹ́ fi owó ran ẹni tó gbà láti sún odi rẹ̀ sẹ́yìn lọ́wọ́. Ní tèmi, owó náà wúlò níbẹ̀ ju inú kankéré lọ.

Owó tí ẹ dá, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ fi apá kan ṣe ibi ìmúyanrìn òkè àti irin tó ń gba ọ̀rá. Ẹ fi apá kan kó ẹrẹ̀, kí ẹ sì tún ògiri ṣe, lọ́wọ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yín. Apá kẹta, ẹ má ná an lọ́dún yìí. Ẹ fi sí báńkì ní orúkọ ènìyàn mẹ́ta, kó jẹ́ owó ìkódò ọdọọdún, kí obìnrin kan tó ń gbé létí odò náà gan-an sì wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ fi ìwọ̀n odò, ìwọ̀n ẹnu kọ́fátì àti fọ́tò kòtò méjì yẹn ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí n lè sọ fún yín bóyá kọ́fátì náà tó tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìjọba lórí rẹ̀.